Ọgbọ́n Akẹ́kọ̀ọ́ Mi Ni Mo Pè Ní Àṣìṣe Ìtẹ̀wé

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín ní ìbéèrè méjì, kí n tó sọ ohun tí mo ṣe.

Bí onílé yín bá bu omi tútù fún yín mu, kí lẹ ó sọ? Ẹ ó ní, "Ẹ ṣé, sà." Ó dára. Bí Ọlọ́run bá jí yín dáadáa láàárọ̀ ńkọ́? Ẹ ó ní, "O ṣé, Olúwa."

Ẹ wò ó dáadáa. Ẹni tó ni ilé, "ẹ" là ń pè é. Ẹni tó ni ayé, "o" là ń pè é, bí ẹni ń bá ọmọ ọdún méje sọ̀rọ̀.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti fi ń kọ́ ọmọ ní èdè Yorùbá, mi ò sì ronú kan èyí rí. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ló ronú kàn án. Ohun tí mo fi san án padà fún un ni mo wá jẹ́wọ́ lónìí.

Adéníjì lorúkọ mi. Ní Akpakpa, ní Kútọnu, Tísà ni tọmọdé tàgbà ń pè mí. Ilé ẹ̀kọ́ àdáni kan ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ oníṣòwò tó ti Nàìjíríà wá. Ọmọ mẹ́rìndínláàádọ́ta ló wà ní kíláàsì mi. Mo ti di ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta, orúnkún mi ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń sùn lórí ìwé ọmọ tí mo ń máàkì. Mi ò fi èyí wá àwíjàre o. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni. Àárẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé sí mi lára, irọ́ ló tẹ̀ lé e.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni Léopold wá bá mi nílé. Iṣẹ́ fíìmù ló ń ṣe. Àwọn baba ńlá rẹ̀ wà lára àwọn tó ti Bràsíìlì padà sí etíkun wa. Ó gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ìyá ìyá rẹ̀, àmọ́ kò lè kọ ọ́, kò sì lè kà á. Ó gbé ìwé gàdàgbà kan lé mi lórí itan.

"Monsieur Adéníjì, fíìmù ẹ̀rín ni. A ti yà á tán ní Faransé. Mo fẹ́ kí ẹ túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ká lè fi ohùn Yorùbá sí i. Àwọn èèyàn wa láti ibí títí dé Kétu, wọn ò fẹ́ máa ka ọ̀rọ̀ wínníwínní nísàlẹ̀ fíìmù."

"Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀?"

Ó fà sún mọ́ mi. "Ọlọ́kadà kan ni, zémidjan bíi tàwọn tó wà níta yìí. Rilwan lorúkọ rẹ̀. Ó rẹ Ọlọ́run. Ọlọ́run wá ní kí Rilwan bá òun di ipò mú fún ọjọ́ méje péré, kí òun fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀."

"Ó rẹ Ọlọ́run?"

"Ó rẹ̀ ẹ́ gan-an, Monsieur."

Mo rẹ́rìn-ín. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, àánú Ọlọ́run ṣe mí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fíìmù náà díẹ̀, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Ní ọjọ́ kìíní, Rilwan ní kí oòrùn dúró sẹ́yìn ìkùukùu títí òun yóò fi jẹun ọ̀sán tán. Ó fi wákàtí mẹ́ta jẹun. Aṣọ ẹnikẹ́ni kò gbẹ ní Kútọnu. Ní ọjọ́ kejì, ó ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ná ọjà mọ́, torí àwọn èrò máa ń ná òun jù. Iye tí ọlọ́jà bá pè ni kí oníbàárà san. Ọjà Gbégamey dákẹ́ bí itẹ́ òkú, àwọn ìyá ọlọ́jà sì bú sẹ́kún: "Kí la ó wá máa bára wa sọ láti àárọ̀ dalẹ́?" Ní ọjọ́ kẹta, ó pàṣẹ pé gbogbo ayé gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún òun nígbà tí wọ́n bá ń pe òun, àti ọlọ́pàá àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin.

"Ní ìparí," Léopold ní, "ìyá rẹ̀ rí i tó ń rìn lójú òfuurufú. Ó kúnlẹ̀, ó ń kígbe. Ọmọ gbé e dìde. Rilwan dá ipò padà fún Ọlọ́run, ó gun ọ̀kadà rẹ̀, ó tán."

Mo gba iṣẹ́ náà. Ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ṣí ojú ìwé kìíní, mo túmọ̀ ìlà mẹ́fà, oorun gbé mi lọ.

Lọ́jọ́ Ajé mo gbé ìwé náà lọ sọ́dọ̀ Nimotallahi ní Gbégamey. Ó ti kọjá lábẹ́ ọwọ́ mi ní nǹkan bí ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn. Ní báyìí, ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó ti ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Abomey-Calavi àtàwọn tó fẹ́ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì. Ará Kétu ni ìyá rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ mú, àmọ́ orúnkún rẹ̀ kì í gbàgbé ilẹ̀.

"Tísà!" Ó ti kúnlẹ̀, ó ti dìde, ó sì ti ń rẹ́rìn-ín. "Kí lẹ gbé wá gàdàgbà báyìí? Ṣé ẹ fẹ́ pín ogún ni?"

"Fíìmù ni. Ọlọ́run gbé ipò fún ọlọ́kadà."

"Àwọn tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kọjá lára ọmọ èèyàn yìí? Ayé ti parí."

"Bá mi túmọ̀ rẹ̀. Ṣe é bó bá ṣe wá sí ọ lẹ́nu. Màá yẹ̀ ẹ́ wò."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Èmi, Tísà? Látìgbà tí mo ti jáde níwájú yín, ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni mo ń tẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí n kọ nǹkan kan rí."

"Ìwọ ni mo ní kó kọ ọ́."

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ó ti parí rẹ̀. Ó kó o wá sílé fún mi, àádọ́rùn-ún ojú ìwé, àmì ohùn pé sórí gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe kọ́ ọ.

"Tísà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ìparí. Mo ṣe nǹkan kan níbẹ̀ tí kò sí nínú Faransé. Bí kò bá dáa, ẹ sọ fún mi, màá yọ ọ́."

Mo ní ó dáa. Mo ka ojú ìwé méjìlá àkọ́kọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú mi. Mo tún àmì ohùn mẹ́ta ṣe. Nígbà tó yá mo rí i pé òun ló tọ̀nà nínú méjì. Ojú ìwé kẹtàlá ni mo sùn sí.

Nígbà tí Léopold pè pé òun fẹ́ ìwé náà, mo ní kí Nimotallahi gbé e lọ fún un. Kó tó lọ, ó bi mí.

"Ṣé ẹ kà á tán, sà?"

"Mo kà á tán."

"Ìparí ńkọ́?"

"Ó dára gan-an."

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń ka èyí, ẹ mọ irú irọ́ yẹn. A máa ń fi bírò pupa kọ "ó dára" sísàlẹ̀ ìwé tí a kò kà. Ọmọ á gbé e lọ sílé, inú rẹ̀ á máa dùn. Kò sẹ́ni tó ń kú sí i, nítorí náà a kì í ka irú rẹ̀ sí irọ́.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, fóònù mi dún.

"Monsieur! Ibi tí a ti ń gba ohùn sílẹ̀ ni mo wà. Clotilde, obìnrin tó ń ṣe ìyá, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti sunkún, a ò sì tíì gba ìparí náà tán. Kí lẹ ṣe sí ìparí fíìmù mi?"

"Ṣé kò dáa ni?"

"Kò dáa kẹ̀? Ó dáa ju tèmi lọ! Báwo lẹ ṣe ronú rẹ̀?"

Ẹ dúró síbí kí ẹ wo ìdánwò dáadáa. Èṣù kankan kò wọ aṣọ dúdú wá bá mi. Orí ìjókòó ni mo wà ní fàráńdà, òkìtì ìwé ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ló yẹ kí n sọ: Kì í ṣe èmi. Mo ti kà wọ́n láìmọye ìgbà láti ìgbà náà wá. Wọn ò lé, wọn ò dín.

"Ìrírí ni," mo ní.

"Ọmọbìnrin tó gbé ìwé wá ńkọ́? Ó fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, àmọ́ mò ń kánjú."

"Atẹ̀wé mi ni."

"Ah, d'accord. Mo fẹ́ tẹ páálí àwo fíìmù náà. Orúkọ wo ni ká kọ síbi olùtumọ̀?"

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ibi kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń kọ orúkọ mi sí, ìwé tí a ń fọwọ́ sí láràárọ̀ kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ lè mọ ẹni tó pẹ́ dé.

"Ẹ kọ Adéníjì," mo ní.

Mofẹ́olúwa ìyàwó mi ń ṣa ẹ̀wà nítòsí. Kò gbójú sókè.

"Bàbá Benjamin, ta ló ṣe ìparí yẹn?"

"Èmi àti Nimota la jọ ṣe é."

"Ẹ̀yin àti ta? Orí ìwé yẹn lẹ sùn sí. Èmi ni mo fà á yọ lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín. Itọ́ yín ṣì wà lójú ìwé kẹtàlá."

"Màá sọ fún Léopold. Fíìmù mìíràn ń bọ̀, màá jẹ́ kó mọ̀ ọ́n nígbà náà."

"Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀." Ó ju òkúta kan tó rí nínú ẹ̀wà dànù. "Ọbẹ̀ tí ẹ ò gún ata rẹ̀, ẹ ti bù ú fún àlejò. Ẹ wá ní bí àlejò bá padà wá, ẹ ó sọ ẹni tó sè é."

Ó ti rẹ̀ mí jù láti jà. Mo gbé ìwé ọmọ tó kàn.

Lọ́jọ́ tí mo dé ṣọ́ọ̀bù Nimotallahi, ó fi ẹni tó ń tẹ ìwé fún sílẹ̀, ó sáré jáde.

"Tísà, ṣé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀?"

"Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀."

"Orúkọ ńkọ́?"

Mo wo ẹsẹ̀ mi. "Wọ́n ní orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni àyè wà fún."

"Kò burú. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Àmọ́, Tísà, mo gbọ́ pé fíìmù mẹ́rin mìíràn ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ̀gbọ́n mi Balqees ní Parakou ní kí n wá máa bá òun ta aṣọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi láyè di ìparí oṣù. Bí mi ò bá rí iṣẹ́ ìtumọ̀ yìí, màá ta kọ̀ǹpútà mi, màá lọ bá a. Bí mo bá sì lọ, mi ò ní padà sídìí ìwé mọ́."

"Màá mú ọ dé ọ̀dọ̀ wọn."

Ó bi mí lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo ní Léopold ti rìnrìn àjò. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ní ìdánwò ló dí mi lọ́wọ́. Ní tòótọ́, ọ́fíìsì Léopold kò ju òpópónà méjì lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, Léopold sì wà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù kò ṣòro láti lóye: bí àwọn méjèèjì bá jókòó pọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, mo ti tán. Bí Nimotallahi bá lọ sí Parakou, orúkọ mi ti bọ́ lọ́wọ́ ìtìjú. Mo mọ̀ pé mò ń dúró kí oṣù parí. Mi ò jẹ́ kí ọkàn mi sọ ọ́ jáde, àmọ́ mo mọ̀.

Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí oṣù parí nígbà tí wọ́n gbé fíìmù náà jáde fún gbogbo èèyàn ní gbọ̀ngàn kan ní Akpakpa, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ó tó igba èèyàn tó wá. Èmi àti Mofẹ́olúwa wà níwájú. Mi ò pe Nimotallahi. Òun fúnra rẹ̀ ló wá, ó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé kan tó ti ń tọ́jú, ó jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Wọ́n pa iná. Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọjà Gbégamey dákẹ́, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n ń gbá ara wọn lẹ́yìn. Láti àná ni mo ti ń máàkì ìwé ìdánwò. Fáànù ń fẹ́ sí mi lọ́rùn. Ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ìgúnpá Mofẹ́olúwa ló jí mi. Iná ti tàn. Àwọn kan ń nu ojú, àwọn kan ń pàtẹ́wọ́.

"Ẹ dìde," ó sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Wọ́n ń pè yín. Ẹ nu ẹnu yín."

Léopold fi maikirofóònù lé mi lọ́wọ́, ó ní kí àwọn èèyàn bi olùtumọ̀ ní ìbéèrè. Ẹni àkọ́kọ́ tó dìde ni Alhaji Mùílíù láti Porto-Novo. Ogójì ọdún ló fi ṣe ògbufọ̀ ní ilé ẹjọ́. Mo ti fojú mi rí i tó dá lẹ́mọ́mù dúró láàárín ìwàásù nítorí ohùn ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo.

"Tísà, ẹ kú iṣẹ́."

"Ẹ ṣé, sà."

"Ìbéèrè kan ni mo ní. Níparí fíìmù yìí, mo gbọ́ tí ìyá pe ọmọ rẹ̀ ní 'ẹ'. Ta ló fi 'ẹ' yẹn síbẹ̀?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín nípa iṣẹ́ wa. Bí olùkọ́ bá gbé ìwé sókè nínú kíláàsì tó ní, "Ta ló kọ eléyìí?", kì í ṣe láti yin ẹnikẹ́ni. Bí mo ṣe gbọ́ ìbéèrè náà nìyẹn. Ìyá tó ń pe ọmọ ní "ẹ"? Àṣìṣe tí mo ti ń fi bírò pupa fa ìlà sí nídìí láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni.

"Ẹ máa bínú, Alhaji," mo ní. "Àṣìṣe ni. Ìyá kì í pe ọmọ rẹ̀ ní 'ẹ'. Ọmọbìnrin tó ń bá mi tẹ̀wé ló ṣì í tẹ̀. A ó tún un ṣe."



Alhaji bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Àṣìṣe?"

"Àṣìṣe ìtẹ̀wé ni, sà."

"Tísà, mo fẹ́ mọ ẹni tó fi síbẹ̀ kí n lè ṣí fìlà fún un ni."

Ẹnì kan pariwo látẹ̀yìn: "Ó sùn! Èmi ni mo jókòó lẹ́yìn rẹ̀, ó ń hanrun ju ọ̀kadà Rilwan lọ!" Ẹ̀rín bú. Léopold kò rẹ́rìn-ín.

"Monsieur," ó ní, "ẹ sọ fún mi pé ìrírí ni."

Alhaji gbé ọwọ́ sókè. Kò fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín, ìyẹn ló tiẹ̀ dùn mí jù. "Ẹ jẹ́ ká ṣe é pẹ̀lẹ́. Bóyá ó rẹ Tísà ni. Tísà, nígbà tí ìyá sọ 'ẹ' yẹn tán, kí ni ọmọ fi dá a lóhùn?"

Mo ti bi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ní ìbéèrè lójúkojú, mo mọ bí ojú ọmọ tí kò kàwé ṣe máa ń rí. Ó máa ń wo àjà, bí ẹni pé wọ́n kọ ìdáhùn síbẹ̀. Mo rí i pé àjà ni mò ń wò.

"Atẹ̀wé náà ńkọ́?" Alhaji bèèrè. "Ṣé ó wà níhìn-ín?"

Nimotallahi dìde lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Gbogbo orí yí sí i.

"Ọmọ mi, ṣé ìwọ lo fi síbẹ̀ ni, àbí ọwọ́ rẹ ló yọ̀?"

Ó wò mí. Ó wá ní, "Ohun tí Tísà bá sọ ni, sà."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yẹn ṣe. Ó ṣílẹ̀kùn fún mi kí n fi ẹsẹ̀ ara mi rìn jáde, lójú igba èèyàn, lẹ́yìn tí mo ti pe iṣẹ́ rẹ̀ ní àṣìṣe. Ohun tó kù fún mi kò ju kí n ní, "Òun ló kọ gbogbo rẹ̀."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká gba ìbéèrè mìíràn."

Ibẹ̀ ni mo ti dalẹ̀. Àwọn tó ti kọjá, ẹ lè pè é ní àárẹ̀, ẹ lè pè é ní ojúkòkòrò orúkọ. Èyí kò ní orúkọ mìíràn.

Clotilde, obìnrin tó ṣe ìyá, dìde níjòókòó rẹ̀. Ó sanra, ohùn rẹ̀ kò sì nílò maikirofóònù. "Kò sí ìbéèrè mìíràn! Ìparí yìí ló pa mí lẹ́kún lẹ́ẹ̀mẹta, mo fẹ́ mọ ẹni tó pa mí. Ọmọ, sọ ọ́."

Nimotallahi kò gbé ohùn sókè. Ó ṣàlàyé rẹ̀ bí mo ṣe kọ́ wọn láti máa ṣàlàyé, díẹ̀díẹ̀.

"Rilwan fi ọjọ́ mẹ́rin fipá mú gbogbo ayé kí wọ́n máa pe òun ní 'ẹ'. Ìyá rẹ̀ nìkan ni kò mọ ohun tó dà, ó ṣì ń pè é ní 'o'. Láàárọ̀ ọjọ́ keje, ó gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń gbàdúrà: 'Ìwọ Ọlọ́run, o ò rí mi ni?' Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá ṣe máa ń pè é nígbà tí kì í tètè wálé: 'Ìwọ Rilwan, o ò rí mi ni?' Nígbà tí ìyá wá rí i lójú òfuurufú, ó kúnlẹ̀, ó ní, 'Ẹ ṣàánú mi.' Ọmọ gbé e dìde, ó ní, 'Ìyá mi, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run gan-an, "o" lẹ máa ń pè é. Kí ni mo wá dà, tí ẹ fi ń pè mí ní "ẹ"?' Ìdí nìyẹn tó fi dá ipò padà."

Obìnrin kan nítòsí mi ní, "Yéè," bí ẹni tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́.

Alhaji Mùílíù ṣí fìlà rẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀, orí funfun, títí àwọn yòókù fi dìde. Èmi jókòó. Mofẹ́olúwa kò wò mí. Ó kàn rọra gba maikirofóònù lọ́wọ́ mi, torí mo ṣì dì í mú.

Lẹ́nu ọ̀nà, mo rí Léopold tó ń kọ nọ́ńbà fóònù Nimotallahi sílẹ̀. Nígbà tí mo kọjá, ó kí mi ní, "Bonsoir, Monsieur." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo tó lókun láti lọ sí Gbégamey. Nimotallahi kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe máa ń ṣe. Ó gbé àga fún mi, ó bu omi. Mi ò lè mu ún.

"Nimota, mo ṣẹ̀ ọ́."

"Ẹ ṣẹ̀ mí, sà."

Mo ti rò pé yóò ní "kò tó nǹkan", bí àwọn ọmọ wa ṣe máa ń sọ fún àgbà. Kò sọ ọ́.

"Ó rẹ̀ mí ni," mo ní. "Láti ọjọ́ pípẹ́ ló ti rẹ̀ mí."

"Mo mọ̀, Tísà. Ta ni kò mọ̀? Bí ẹ bá ti sọ fún mi pé ẹ ò lè kà á, mi ò ní bínú. Ẹ tiẹ̀ lè gba orúkọ, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Àmọ́ ẹ ní ẹ ti kà á. Ẹ ní ó dára." Ó yí ojú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Ṣé ẹ mọ bí inú mi ṣe dùn tó nítorí 'ó dára' yẹn? Mo pe ìyá mi ní Kétu. Mo ní, Tísà ka ìparí mi, ó ní ó dára gan-an."

Ojú ọ̀nà ni mò ń wò. Ọkùnrin kan ń kọjá pẹ̀lú àkàbà lórí kẹ̀kẹ́.

"Ṣé wàá lọ sí Parakou?" mo bi í níkẹyìn.

"Mi ò lọ mọ́. Monsieur Léopold gbé fíìmù méjì wá lánàá."

Mo rí ìwé náà lórí tábìlì, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo rí ọ̀rọ̀ kan tí àmì ohùn rẹ̀ kò dá mi lójú. Kí n tó mọ̀, ọwọ́ mi ti na sí i. Ọwọ́ olùkọ́ ni, ó ti máa ń lọ síbi ìwé láìgba àṣẹ.

Nimotallahi fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ìwé náà.

"Ẹ fi sílẹ̀, sà," ó rọra sọ. "Mo ti dárí jì yín. Àmọ́ mi ò ní fún yín ní ìwé mi kà mọ́."

Mo mu omi náà, mo dìde, mo kí i pé ó dàbọ̀.

Mo ṣì ń kọ́ni. Àwọn ọmọ ò mọ nǹkan kan, tàbí wọ́n mọ̀, wọn ò sọ. Mi ò kọ "ó dára" sábẹ́ ìwé tí mi ò kà mọ́. Bí oorun bá ń kùn mí, mo máa ń kọ "mi ò tíì kà á" síbẹ̀, àwọn òbí kan sì ti lọ fi ẹjọ́ mi sun ọ̀gá.

Ohun kan ló kù, ọwọ́ yín ló sì wà. Kí ọjọ́ Àìkú yẹn tó dé, Léopold ti tẹ ẹgbẹ̀ta páálí. Àwọn oníṣòwò ti kó ìlàjì rẹ̀ lọ sí Porto-Novo, Kétu àti Ṣábẹ̀, orúkọ mi sì wà lẹ́yìn gbogbo wọn níbi tí wọ́n kọ "Olùtumọ̀" sí. Mi ò lè dé gbogbo ilé.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní àwo náà nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí i padà. Ẹ mú bírò, pupa bí ẹ bá ní in. Ẹ fa ìlà kan gbọọrọ lé Adéníjì lórí, kí ẹ sì kọ orúkọ yìí sókè rẹ̀: Nimotallahi Ọdúnlàmì. "L" méjì ló tẹ̀ léra ní àárín Nimotallahi. Ẹ ṣọ́ ọ, ẹ má ṣe kọ ọ́ ní ẹyọ kan.